Wi-Fi Ilé Tí Mò Ń Sanwó Fún, Tí Fóònù Mi Ò Rí

Ohun tó ká mi lára jù ni pé mò ń sanwó Wi-Fi tí n kò rí lò. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi kún owó ìpè àti owó dátà, àmọ́ kí ó má ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí àwa tí a jọ ń gbé ọgbà kan ní Kubwa, l'Abuja, fi fẹnu kò pé ká fa Wi-Fi wọlé, kí yàrá kọ̀ọ̀kan máa dá ₦5,000 lóṣù. Alájì onílé ló ń gba owó náà pọ̀ mọ́ owó omi àti ti ọlọ́dẹ, kò sì sí pé mi ò lò ó níbẹ̀. Àwọn ará ilé ń wo fídíò di ọ̀gànjọ́. Èmi tí mo san iye tí wọ́n san tún ń ra dátà lọ́tọ̀.

Wi-Fi inú fóònù mi àtijọ́ ló ti kú. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ pé kó tàn, á rò ó díẹ̀, á tún kú padà. Nígbà tí mo wọ inú sẹ́tíǹgì, níbi tí àdírẹ́ẹ̀sì Wi-Fi máa ń wà, 02:00:00:00:00:00 ni mo bá níbẹ̀, ìyẹn ni pé fóònù náà ò rí àdírẹ́ẹ̀sì Wi-Fi tirẹ̀ gan-an. Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe sọ pé ohun kékeré tó ń gbé Wi-Fi ṣiṣẹ́ lórí pátákó inú rẹ̀ ló jóná, pé òun á fi iná yọ ọ́ kí òun tó lẹ òmíràn mọ́ ọn, àmọ́ òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé fóònù náà á jí. Mo gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Télọ̀ ni mí. Orí WhatsApp ni àwọn oníbàárà ti ń fi sítáì ránṣẹ́ sí mi, ibẹ̀ náà ni mo ti ń fi iṣẹ́ mi han ayé, bùbá, agbádá, aṣọ ẹbí lóríṣiríṣi. Fídíò aṣọ wọ̀nyí ló ń jẹ dátà. Síbẹ̀, mo lọ́ra kí n tó gbà láti ra fóònù mìíràn, torí iná ò dúró ní àdúgbò wa, bí iná bá sì ti lọ, Wi-Fi náà lọ nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé fóònù oní-Wi-Fi á gba òun lọ́wọ́ dátà pátápátá ń tan ara rẹ̀ ni. Mo wá ṣí ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà, mo kọ iye dátà tí mo ń rà sẹ́yìn rẹ̀, mo fi ₦5,000 tó ń lọ lásán kún un. Mo rí i pé kí ọdún tó yípo, owó yẹn á ti tó ra fóònù tí kì í ṣe olówó gọbọi. Bí mo ṣe pinnu nìyẹn.

Ti ọjà rírà kò gùn. Mo wọ mọ́tò lọ sí Wuse, mo dúnàá-dúrà, mo tẹ *#06# láti fi nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, wé èyí tó wà lára páálí. Ọmọ tó ń tajà so ó mọ́ Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́. Fóònù 4G ni. Inú mi dùn dé ilé.

Mo tan Wi-Fi. Ti ilé kejì jáde, ti ilé ẹ̀yìn wa jáde, kódà ti ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lójú títì ń yọ fírífírí. Tiwa ò sí níbẹ̀. Mo gbé fóònù lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alájì níbi tí rúùtà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi káàkiri ilé, wà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lé e lórí. Kò sí. Mo pa fóònù, mo tún un tàn. Kò sí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa rúùtà kí wọ́n tún un tàn, àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù pariwo lé mi lórí, síbẹ̀ kò sí. Orúkọ náà wà nínú fóònù gbogbo ayálégbé, tèmi nìkan ni ojú rẹ̀ fọ́ sí i.

A pe ọ̀gá tó wá so Wi-Fi náà. Ó gba owó mọ́tò àti owó iṣẹ́ kó tó wo ohunkóhun. Ó yẹ fóònù mi wò níwájú lẹ́yìn, ó ní, “Màdáámù, fóònù yín ló kéré. Ẹ wo orúkọ Wi-Fi yín, 5G ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Fóònù 4G ò lè rí i láéláé. Ẹ tà á, kí ẹ ra 5G.” Ó tún ní òun mọ ẹni tó lè bá mi wá èyí tó dáa. Fóònù tí ọ̀rá ojú rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ló ní kí n tà!

Mo tún forí lé Wuse. Ọmọ tó tà á fún mi so ó mọ́ Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù, ó tún wọlé. “Madam, ṣé ẹ rí i? Ilé yín ni kí ẹ lọ tún ṣe.” Kò gbà á padà, kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ ní fóònù ni, ọlọ́jà ní ilé ni, owó mọ́tò láti Kubwa sí Wuse ń jáde lápò mi. Inú bí mi débi pé mi ò lè bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀dọ̀ àgùnbánirọ̀ tó ń gbé yàrá òkè ni ojú mi ti là. Mo lọ gba aṣọ tó fẹ́ kí n dín lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí i tó ń fi fóònù rẹ̀ wo ìròyìn lórí Wi-Fi wa. Mo ní, “Ọmọ mi, ṣé 5G ni fóònù rẹ?” Ó ní, “Rárá o, Mọ́mì. 4G ni.” Mo jókòó. Tí 4G tirẹ̀ bá rí Wi-Fi yẹn, a jẹ́ pé ohun tí ọ̀gá yẹn sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ní kó lọ mú páálí fóònù rẹ̀ wá, kí n mú tèmi, ká fi wọ́n wéra. Lára tèmi, níbi tí wọ́n kọ Wi-Fi sí, 802.11 b/g/n ni. Lára tirẹ̀, a/b/g/n/ac ni. Àwọn lẹ́tà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ rúùtà òde òní ń gbà ránṣẹ́. Ọ̀kan wà lórí 2.4GHz, kò fi bẹ́ẹ̀ yára, àmọ́ ó máa ń la ògiri kọjá dáadáa. Èkejì wà lórí 5GHz, òun yára gan-an, ṣùgbọ́n ògiri tètè máa ń dá a dúró. 5GHz ni 5G tí wọ́n kọ mọ́ orúkọ Wi-Fi wa, kò kan 5G ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù rárá. Lẹ́tà a àti ac wà fún 5GHz. Fóònù tí kò ní wọn, tó jẹ́ b/g/n nìkan, 2.4GHz nìkan ló ń gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, bíi tèmi.

A sọ fún Alájì, ó ní ká máa bọ̀. Ìlẹ̀mọ́ kan wà nídìí rúùtà tí wọ́n kọ àdírẹ́ẹ̀sì àti páásíwọ́ọ̀dù ìṣàkóso sí. Àgùnbánirọ̀ kọ àdírẹ́ẹ̀sì náà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wọlé, a sì bá a níbẹ̀: 2.4GHz wà ní pípa. Ọ̀gá wa ló pa á lọ́jọ́ tó so ó, Alájì rántí pé ó ní èyí tó yára nìkan lòun máa fi sílẹ̀ fún wa. Òun ló pa á, òun náà ló ní kí n ta fóònù mi! A tàn án, a fún un ní orúkọ tirẹ̀. Kí n tó gbé ojú sókè, ó ti jáde lójú fóònù mi. Mo pariwo débi pé Alájì ń bi mí bóyá kò sí nǹkan.

Yàrá ẹ̀yìn pátápátá, tó ti ń ṣàròyé tipẹ́ pé Wi-Fi kì í dé ọ̀dọ̀ òun dáadáa, bọ́ sórí 2.4GHz lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Fídíò rẹ̀ ò dúró mọ́. Mo yangàn díẹ̀, ó sì tọ́ sí mi.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra fóònù nítorí Wi-Fi, ẹ bi ẹni tó ń ṣàkóso ti ilé yín pé ọ̀nà wo ló ń gbà ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó mú owó jáde. Ẹ ka ara páálí ní ṣọ́ọ̀bù. Bí owó yín bá ká a, ẹ ra èyí tó ní ac, á rí ọ̀nà méjèèjì. Kẹ́ ẹ sì bá ọlọ́jà ṣàdéhùn ṣáájú pé ẹ lè dá a padà bí kò bá wọlé nílé yín, torí Wi-Fi ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe Wi-Fi ilé.

Ní ti dátà, mo ṣì ń rà á, àmọ́ ó ti dín kù gan-an. Nínú sẹ́tíǹgì WhatsApp, mo ní kó má gba fídíò fúnra rẹ̀ bí kò bá sí lórí Wi-Fi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn áàpù tó ń ṣe ọ̀tun ara wọn náà. Ní ti iná, a dáwó ra bátìrì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ rúùtà, ó máa ń gbé e tí iná bá lọ. Ẹ wo ìdí rúùtà yín kẹ́ ẹ tó ra irú rẹ̀: tiwa ń lo 12V, bátìrì tí kò bá bá fóltéèjì rúùtà mu lè bà á jẹ́.