Bí a ṣe fi ọjọ́ kan rìn nínú ọgbà ilé amọ̀ ní Jos

Tí ẹ bá ń kó ọmọ lọ sí Mùsíọ́mù Jos, ẹ tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ gba ọgbà àwọn ilé ìbílẹ̀ lọ kí oòrùn tó mú. Bí àwa ṣe ṣe é nìyẹn. Láti Kubwa la ti gbéra, èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ àti ìyá ọkọ mi, tó ti ṣòwò aṣọ ní Jos rí bíi ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ìgbà náà. Ọ̀dọ̀ ẹbí ní Bukuru la sùn mọ́jú. Ẹ má gbàgbé súwẹ́tà o, orí òkè ni ìlú náà wà, òtútù àárọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Abuja.

Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán-ilé ọmọ ilẹ̀ Poland, ló bẹ̀rẹ̀ ọgbà yìí. Ó rin Nàìjíríà káàkiri, ó ń wọn ilé àtijọ́, ó ń yà wọ́n sínú ìwé kí wọ́n má baà pa run. Wọ́n wá kọ́ irú wọn síbẹ̀, bí wọ́n ṣe tóbi gan-an: odi Kano, mọ́ṣáláṣí Zaria, agbo ilé Tiv. Ilé sìmẹ́ńtì ni àwọn ọmọ mi bá láyé. Mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tí mọlémọlé lè fi amọ̀ ṣe.

Inú mọ́ṣáláṣí yẹn la ti pẹ́ jù. Babban Gwani Mikaila ló kọ́ èyí tó wà ní Zaria fúnra rẹ̀, láàárín ọdún 1830 sí 1840. Àbíkẹ́yìn mi na apá méjèèjì yí òpó kan ká, ọwọ́ rẹ̀ kò kanra. Láti ara òpó wọ̀nyí ni amọ̀ ti tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun tó fi pàdé lókè. Àwọn Hausa máa ń fi ọwọ́ mọ búlọ́ọ̀kù amọ̀ tó rí ṣóńṣó, tubali ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sá a sóòrùn. Inú àjà ni azara máa ń wà, igi tí wọ́n là lára ọ̀pẹ giginya, tí ikán kì í tètè jẹ.

"Mọ́mì, ṣé kò ní wó báyìí?"

Mo sọ fún un pé òjò ni ọ̀tá amọ̀, àfi kí wọ́n máa rẹ́ ẹ léraléra. Bàbá wọn fi kún un pé apá kan mọ́ṣáláṣí Zaria gan-an wó lu àwọn olùjọsìn níbi ìrun Alásárì ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ẹ̀mí sì lọ sí i. Ó dùn mí púpọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹni tó bá láṣẹ lórí ọgbà yìí pé kí ó má jẹ́ kí rírẹ́ wọn dáwọ́ dúró.

Nínú ilé mùsíọ́mù, ère Nok, ère amọ̀ àtijọ́, ni kí ẹ dúró tì. Ojú wọn jẹ́ onígun mẹ́ta, wọ́n sì dá ẹyinjú lu. Àwọn tó ń wa tánńganran ló kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní abúlé Nok ní 1928. Ní 1943, wọ́n rí orí kan tí akọ̀wé ibi ìwakùsà ti gbé lọ sí oko iṣu láti fi lé ẹyẹ! Ọ̀dọ̀ Bernard Fagg ló padà dé, ẹni tó dá mùsíọ́mù yìí sílẹ̀ ní 1952. Ọmọkùnrin mi ní kí n tún ìtàn náà sọ.

Nídìí ìkòkò, ìyá ọkọ mi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ amọ̀nà. "Ìṣaasùn nìyí. Àmù nìyẹn. Ẹ wo ajere, òun la fi ń yan ẹran lórí iná." Ó fi ìka tọ́ka sí àwọn ihò ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ń wò ó lẹ́nu.

A kàn wo ohun èlò rélùwéè kọjá ni, ọgbà ẹranko náà kò gbà wá lásìkò.

Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání fún ìwọlé àti fún amọ̀nà. Ẹ má sì gbìyànjú àlọ-àbọ̀ lọ́jọ́ kan láti Abuja: Hawan Kibo, òkè tí ọ̀nà Jos gbà kọjá, ga, ó kún fún kọ́nà, tírélà sì pọ̀ níbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwa sọ̀ ọ́, nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa.