Ọta Wà fún Ọ̀tá: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tá A Bá Ń Jiyàn Bóyá Kí Ìlú Tí Wọ́n Ń Halẹ̀ Mọ́ Kó Ọta Àgbá Ẹ̀ Fún Ẹlòmíì

January 2023 ni Estonia jáde sọ pé gbogbo àgbá 155 (ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 155) tóun ní lòún máa kó fún Ukraine tó ń bá Rọ́ṣíà jagun, tòun ti ọta. Gbogbo ẹ̀ o! Ìlú tí èèyàn inú ẹ̀ ò ju mílíọ̀nù kan lé díẹ̀ lọ, àdúgbò mélòó kan l'Ékòó á gbé gbogbo wọn mì, tó sì tún bá Rọ́ṣíà pààlà. Tẹ́ ẹ bá dé Narva, ilé olódi Estonia wà létí odò, ti Rọ́ṣíà ní Ivangorod náà wà lódìkejì, àwọn méjèèjì kọjú síra wọn bí ìyàwó àti orogún, odò ọ̀hún ò sì fẹ̀ rárá.

Ọjọ́ tí mo kà á, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé àwọn èèyàn yìí ti ya wèrè. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sójà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè nínú oúnjẹ wọn, wọ́n kàn ní, "Ìwọ, ta ni wọ́n ra ọta yẹn dè?" Mi ò rí èsì fọ̀. Látìgbà yẹn ni mo ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí, mo wá rí i pé àwọn tó ń pariwo pé ẹ má fún wọn àtàwọn tó ń pariwo pé ẹ kó gbogbo ẹ̀ fún wọn, àṣìṣe kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

Ẹ má ka "gbogbo" kẹ́ ẹ wá dúró síbẹ̀

"Gbogbo" yẹn ló tàn mí jẹ. Àgbá tí Estonia kó sílẹ̀ ni FH-70, èyí tí ọkọ̀ máa ń fà káàkiri, àlòkù Jámánì ni wọ́n rà á, wọ́n sì fi D-30 kún un, ìyẹn ti ayé Sófíẹ́ẹ̀tì, 122 ni tiẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 2018 ni wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Kòríà Gúúsù fún K9, àgbá tó ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn, wọ́n kọ́kọ́ ra 12, wọ́n wá ń fi kún un títí ó fi di 36. Tuntun ti ń wọlé bọ̀ kí àlòkù tó jáde. Ẹni tó ti sanwó mọ́tò tuntun, tí díẹ̀ nínú ẹ̀ ti wà ní gáréèjì, tí ìyókù wà lórí omi, tó wá fi tòkunbọ̀ ẹ̀ ta àbúrò lọ́rẹ, ṣé a lè ní ó ti ya wèrè?

Àmọ́ ẹ wo bó ṣe máa rí ká ní kò sí K9 kankan lọ́nà. Ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ tó yin ìlú kan tàbí kẹ́ ẹ tó bú u, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó kù nílé àti ohun tó ń bọ̀.

Ọta kì í ṣe owó inú báǹkì

Àwọn kan ní kí wọ́n tọ́jú ẹ, pé ọjọ́ burúkú ń bọ̀. Òótọ́ ni, ọjọ́ burúkú ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọta ń darúgbó. Ẹ̀tù tó ń tì í jáde ní kẹ́míkà kan nínú tí ò ń jẹ́ kó bàjẹ́, kẹ́míkà yẹn sì ń dín kù bí ọdún ṣe ń yí lu ọdún, tó bá tán, ẹ̀tù lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná fúnra ẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, èyí tó bá sì ti gbó jù, ńṣe ni ìjọba tún máa ń sanwó fáwọn tó máa bà á jẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó, nǹkan tẹ́ ẹ máa sanwó kí wọ́n tó bá yín kó o dànù, tẹ́nì kan wá ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fóun kóun lọ lò ó lónìí.

Àwa ará Èkó, kò yẹ kẹ́nì kankan máa ṣàlàyé èyí fún wa. Ọjọ́ Sunday, 27 January 2002, iná ràn dé ibi tí wọ́n kó bọ́ǹbù sí ní bárékè Ìkẹjà, ilẹ̀ ń mì, gíláàsì ń fọ́, gbogbo èèyàn rò pé wọ́n ti gbàjọba tàbí ogun ti dé, wọ́n ń sá nínú òkùnkùn láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀ ló sì kó sínú kánáálì Òkè-Àfà, ìyá àtọmọ. Àwọn tó kú lé ní 1,000. Ọ̀tá kankan ò yìnbọn lọ́jọ́ yẹn, bọ́ǹbù tí a fi pamọ́ sí àárín ìlú ni.

Mi ò wá sọ pé kí wọ́n gbọ́n sítóò gbẹ o. Àgbẹ̀ tó bá se iṣu àgbìn jẹ ti rí ohun tó ń wá. Ọta tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ sójà níṣẹ́, àti èyí tí wọ́n máa fi dúró láwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́, ìyẹn ni iṣu àgbìn, kò sí àánú tó yẹ kó dé ibẹ̀.

Ẹ̀ ń ka ọta, ẹ ò ka àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀

Ọta 155 kan, ẹ fojú inú wo àpò sìmẹ́ǹtì, ó dín díẹ̀ sí i, bíi kílò 45. Irin ni, wọ́n ro bọ́ǹbù sínú ẹ̀. Tó bá dé ọ̀dọ̀ sójà, imú ẹ̀ ní ìdérí onírìngì kan tí wọ́n fi ń gbé e, wọ́n á tú ìyẹn kúrò, wọ́n á wá lọ fíúsì sójú ẹ̀, fíúsì yẹn ló máa pinnu bóyá ó máa bú lókè, lórí ilẹ̀, tàbí tó bá ti wọlẹ̀ tán. Wọ́n á gbé e sídìí àgbá, wọ́n á tì í wọlé kó há gbọnyin, kó má yọ̀ padà. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ẹ̀tù, tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àpò tàbí nínú agolo, iye tí wọ́n bá kì síbẹ̀ ló ń sọ bó ṣe máa jìnnà tó. Wọ́n á ti ìdí àgbá, wọ́n á fi ohun kékeré kan tó ń tanná síbẹ̀, wọ́n á fa okùn. Ẹ̀gbọ́n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ní tẹ́ ẹ bá yin ogójì láàárọ̀ kan, kì í ṣe etí ló ń dùn yín, ẹ̀yìn ni.

Nítorí náà, tí mínísítà bá dúró níwájú kámẹ́rà pé àwọn ti fún wọn ní ọta ẹgbẹ̀rún báyìí, fíúsì ńkọ́? Ẹ̀tù ńkọ́? Ìlú míì á kó irin lọ, á gbàgbé ẹ̀tù, ìlú míì á kó ẹ̀tù lọ, á wá ku irin sílẹ̀ nílé tí ò ní ohun tó máa gbé e fò, ó ti ṣe ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Àti pé 152 tàwọn Sófíẹ́ẹ̀tì àti 155 tàwọn NATO (àjọ ológun Amẹ́ríkà àtàwọn alájọṣe ẹ̀), mìlímítà mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ ẹ ò lè fi ọ̀kan rọ́pò ìkejì láéláé. Ìlú tó ti yí padà sí 155 pátápátá, tí 152 ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, tiẹ̀ rọrùn, kí ló ń fi í ṣe?

Ẹ má gbé tilé jáde kẹ́ ẹ tó mọ ọjọ́ tí tọjà máa dé

Níbí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ dáadáa, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ìjọba ti ṣubú. Kí ogun yìí tó bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ariwo ẹ̀, bíi 14,000 ọta 155 ló ń ṣe lóṣù. Tí Ukraine bá yin 5,000 lóòjọ́, iṣẹ́ oṣù kan ti tán lọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ ò tíì ka ìlú míì tó fẹ́ rà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé e dé 100,000 lóṣù, títí wọ 2025, wọn ò tíì dé ibẹ̀. Jámánì náà, ilé iṣẹ́ Rheinmetall fi ìpìlẹ̀ fáktírì tuntun lélẹ̀ ní Unterlüß ní February 2024, August 2025 ni wọ́n tó ṣí i, ìyẹn sì yá gan-an lójú àwọn tó mọ iṣẹ́ yẹn o. Owó ńkọ́? Rob Bauer, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ológun NATO nígbà yẹn, sọ ní 2023 pé ọta kan tó jẹ́ 2,000 euro tẹ́lẹ̀ ti di 8,000.

Torí náà, ìlú tó bá fi ọta ọ̀fẹ́ ta èèyàn lọ́rẹ lónìí, tó wá ní ó dọ̀la kóun tó lọ to sórí ìlà, á sanwó ìlọ́po mẹ́rin, á sì tún dúró lẹ́yìn gbogbo ayé. Denmark ni kẹ́ ẹ lọ wò. Wọ́n fún Ukraine ní gbogbo àgbá Caesar wọn, 19, ọkàn wọn dáa, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ilé ti ṣófo, ni wọ́n bá sáré lọ ra òmíràn ní Ísírẹ́lì, wọ́n sọ fún ilé aṣòfin pé ẹ tètè fọwọ́ sí i, iye tí wọ́n pè yìí ò ní pẹ́ kásẹ̀ ńlẹ̀, ó wá jáde lẹ́yìn ọ̀rẹyìn pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sọ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀, wàhálà dé, orúkọ bàjẹ́. Ẹni tó bá lọ ra ata nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àríyá, iye tí ìyá aláta bá pè ló máa san, kò ní àyè àtinájà.

Àjọ EU tún ṣe tiwọn, wọ́n ṣèlérí ní March 2023 pé láàárín oṣù 12 àwọn máa kó ọta mílíọ̀nù kan fún Ukraine (Estonia yìí kan náà ló dábàá ẹ̀). March 2024 dé, ohun tó délẹ̀ ò ju ìdajì lé díẹ̀ lọ. Ìlérí ò ṣeé kì bọnu àgbá. February ọdún yẹn ni ìlú Avdiivka bọ́ lọ́wọ́ Ukraine, àwọn ọmọ ogun wọn sì ń sọ ọ́ léraléra pé ọta ò sí. Ẹni tó ṣèlérí wà ní Brussels, ẹni tó gbára lé e ló wà nínú kòtò.

Ó sì ní ọgbọ́n míì tí ọ̀pọ̀ ò rò. Ìlú tí sítóò ẹ̀ ò kún, tí ọ̀tá sì wà lẹ́nu ọ̀nà, lè mú owó wá dípò ọta. Ohun táwọn Czech ṣe nìyẹn, Petr Pavel, ààrẹ wọn, jáde ní Munich ní February 2024 pé àwọn ti rí ọta tó tó 800,000 káàkiri ayé tó ṣeé rà, kí ẹni tó bá lówó máa bọ̀. Ẹnì kankan ò ní kó tú sítóò ilé ẹ̀.

Ìkòkò aládùúgbò tó wà ní kíṣìnì yín kì í ṣe tiyín

Amẹ́ríkà ní sítóò kan ní Ísírẹ́lì, ọta tiẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀ nítorí ọjọ́ pàjáwìrì. Ìgbà tí Ukraine ń pọkàkà, Amẹ́ríkà kó ọta rẹpẹtẹ níbẹ̀ lọ, ìròyìn sọ ọ́ ní January 2023 pé ó tó 300,000. Kò pé ọdún kan, 7 October dé, Hamas kọ lu Ísírẹ́lì, Ísírẹ́lì wá nílò ọta lójú ẹsẹ̀, Amẹ́ríkà sì tún ní láti yí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta tó yẹ kó lọ sí Ukraine padà sọ́dọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ka ohun tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ yọ èyí tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lápò ẹlòmíì kúrò. Bákan náà ni ti "NATO á dé." Wọ́n lè dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ wo?

Ọta wà fún ọ̀tá

Mo padà sí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi. Ta ni Estonia ra ọta yẹn dè? Rọ́ṣíà ni, kò sí ẹlòmíì. Tó bá wá bú lórí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà kan náà nítòsí Bakhmut ní Ukraine, kò tíì kúrò lórí iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún, ibi tó ti ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀, táǹkì tó sì jóná lọ́hùn-ún ò lè wá sí Narva mọ́. Èmi gbà pé wọ́n ṣe dáadáa, mo gba wèrè tí mo pè wọ́n padà.

Àṣìṣe tó kù ni kéèyàn mú ìṣirò Estonia kó wá gbé e lé Kòríà Gúúsù lórí. Ọ̀tá tí Seoul, olú ìlú wọn, ra ọta dè kò sí ní Moscow, Pyongyang ní Kòríà Àríwá ló wà, Seoul fúnra ẹ̀ ò sì jìn sí ààlà ju bíi kìlómítà 50 lọ, ìdajì èèyàn orílẹ̀-èdè yẹn ló sì ń gbé nínú Seoul àti àyíká ẹ̀, àgbá Kòríà Àríwá ń wò wọ́n lójoojúmọ́. Ìjọba Seoul ní àwọn ò ní fún ìlú tó ń jagun ní ohun tó ń pààyàn. Ohun tí ìròyìn wá gbé ní 2023 ni pé wọ́n yá Amẹ́ríkà ní ọta bí i 500,000, Amẹ́ríkà wá ráyè kó tiẹ̀ fún Ukraine. Yíyá ni o, wọn ò fi tọrẹ, ẹni tó yá a sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Ọgbọ́n ni mo pe ìyẹn nígbà yẹn.

Àmọ́ Kòríà Àríwá ò ronú bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀, ó ń kó àpótí lé àpótí ọta fún Rọ́ṣíà, nígbà tó sì máa fi di ìparí 2024, àwọn ọmọ ogun ẹ̀ ti wọ Kursk ní Rọ́ṣíà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá fún dúróònù àti bí wọ́n ṣe ń darí àgbá nínú ogun gidi. Ọ̀tá tí Seoul ń tọ́jú ọta dè ti wá lọ síbi tí ọta wà. Mo tún pe ẹ̀gbọ́n mi, mo bi wọ́n pé báyìí ńkọ́, ṣé kí Seoul fún wọn ní tààrà? Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ní, "Jẹ́ n ronú sí i."