Dò, Re, Mí Lórí Pákó: Bí Mo Ṣe Kọ́ JSS 1 Lórin Láìní Dùùrù

Bébà kan ṣoṣo ni ọ̀gá ilé-ìwé nà sí mi lọ́jọ́ tí mo dé ibi tí wọ́n pín mi sí fún TP, ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: bí a ṣe ń kọ orin sílẹ̀, gígùn nóòtì, ohun èlò orin, àti ìtàn orin àwọn òyìnbó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ní, ọmọ mẹ́tàlélógójì, kíláàsì JSS 1. Mo béèrè ohun tí màá fi kọ́ wọn. Wọ́n mú mi lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, wọ́n sì fi kíbọ́ọ̀dù kan hàn mí tí wáyà iná rẹ̀ ti sọnù, tí aláǹgbá sì ti yé ẹyin sí abẹ́ rẹ̀.

Kí n má purọ́, èmi gan-an kò gbójú lé ìlà márùn-ún tí wọ́n ń kọ orin sí yẹn. Inú kúáyà ni mo dàgbà sí. Sol-fa, ìyẹn kíkọ orin pẹ̀lú lẹ́tà orúkọ ohùn, ni wọ́n fi kọ́ wa: d, r, m, f, s, l, t (dò, re, mí, fa, sol, la, ti), tòun ti àmì tó-tò (:) láàrin wọn, lórí bébà tí wọ́n ti dà kọ títí tí lẹ́tà fi ń pòórá. Ẹ fún mi ní sol-fa, màá ti kọ orin náà tán kí ẹ tó rí àga jókòó. Ṣùgbọ́n nóòtì orí ìlà, bí èèrà tó tò sórí okùn ìsáṣọ ló máa ń rí lójú mi.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ba nǹkan jẹ́. Mo fa ìlà márùn-ún sára pátákó, mo ya àmì ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tí wọ́n ń pè ní treble clef, tó wọ́ bí ìgbín, mo kọ E, G, B, D, F sórí àwọn ìlà náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, mo sì kọ F, A, C, E sí àwọn àlàfo àárín wọn. Mo ní kí wọ́n máa kà á tẹ̀lé mi. Wọ́n kà á tagbáratagbára. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ọmọkùnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nawọ́ sókè.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe ń dún?”

N kò ní ohun tí mo lè tẹ̀ fún un. Mo gbìyànjú láti fi ẹnu kọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá E gan-an ni mo ń kọ tàbí ohun mìíràn. Aago lù, mo kó ìwé mi.

Ohun tó yọ mí kì í ṣe ọgbọ́n orí mi. Ògiri tó wà láàrin kíláàsì wa àti ti ẹ̀gbẹ́ kò kan òrùlé. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń dúró de àwọn ọmọ mi kí wọ́n ti orí pápá dé, mo ń gbọ́ tíṣà Yorùbá lọ́hùn-ún: “Ọkọ, re re. Ọkọ́, re mí. Ọkọ̀, re dò. Ọ̀kọ̀, dò dò.” Gbogbo kíláàsì ń dáhùn. Orí mi wú. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń fi etí ya ohùn òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn ìsàlẹ̀ láti ilé, wọ́n tilẹ̀ ti mọ orúkọ mẹ́ta nínú méje. Èmi ni mò ń ti orí lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì bọ̀ wá bá wọn.

Nítorí náà mo pa EGBDF rẹ́. Mo ní kí wọ́n pa ẹnu dé, kí wọ́n kùn ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ láìpe ọ̀rọ̀ náà, kí ẹnì kejì wọn sọ èyí tó jẹ́. Wọn kò ṣì í rárá. Lẹ́yìn náà mo fa ìlà mẹ́ta, mo ní kí oníkálùkù kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i: dò sísàlẹ̀, re sáàrin, mí sókè. Adébáyọ̀ di re, mí, mí, dò. Fọlákẹ́ di re, mí, mí. Ariwo sọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ kìkì mí bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé òun kò ní orin.

Ibẹ̀ ni mo ti kan ìṣòro gidi, ó sì yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ di olùkọ́ mọ̀ ọ́n kí ó tó kàn yín. Dò-re-mí àmì ohùn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú dò-re-mí orin. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tínrín pe dò tirẹ̀, ó ga ju mí ọmọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ ti ń fọ́ lọ, síbẹ̀ àwọn méjèèjì ló pe orúkọ wọn bó ṣe yẹ. Nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí mí ga ju re tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Iye tó fi ga kò ní ìwọ̀n. Mí tó wà níparí gbólóhùn gígùn kì í sábà ga tó mí tó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú orin tí a ń kọ sórí ìlà, ìwọ̀n wà, kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Báwo ni màá ṣe fi ìwọ̀n han ọmọ ọdún mọ́kànlá láìní dùùrù?

Mo rántí Pythagoras, ará Gíríìsì àtijọ́ tí wọ́n so ìṣirò gígùn okùn àti ohùn tó ń mú jáde mọ́ orúkọ rẹ̀. Mo lọ bá bàbá káfíńtà kan lójú títì. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Mo fẹ́ pákó kan tó gùn ju 60 sẹ̀ńtímítà lọ díẹ̀, kí ó ní ihò nínú bí àpótí.” Ó wò mí. “Ṣé pósí ọmọ adìyẹ lo fẹ́ kàn ni, ọmọ mi?” Nígbà tí mo ṣàlàyé, kò gbà ju owó ìṣó lọ́wọ́ mi. Mo ra ẹyọ okùn gìtá kan, mo sì yọ ìdè tí wọ́n fi ń lọ́ okùn kúrò lára gìtá kan tó ti fọ́. A kan igi kékeré onígun mẹ́ta méjì sórí pákó náà kí okùn lè gùn lé e, 60 sẹ̀ńtímítà géérégé láàrin wọn. Mo wá gbẹ́ igi onígun mẹ́ta kẹta tí màá máa tì síwá sẹ́yìn lábẹ́ okùn.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ìwọ̀n tí mo lò rèé. Okùn odindi, 60, ni d. Ẹ ti igi náà kí apá tí ẹ ó ta ku 53.3, ẹ ó gbọ́ r. 48 ni m, 45 ni f, 40 ni s, 36 ni l, 32 ni t, 30 sì ni d òkè. Ẹ kíyè sí i pé 30 jẹ́ ìdajì 60: ìdajì okùn yóò máa gbọ̀n ní ìlọ́po méjì, ìdí nìyẹn tí etí fi ń gbà pé dò kan náà ni, àgbà àti àbúrò. S jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta, f jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, gbogbo rẹ̀ ló ga ju bó ṣe yẹ lọ, àfi d nìkan. Mo rò pé ìṣirò mi ló yí. Lẹ́yìn wákàtí kan ni mo tó rí i pé igi kẹta ga ju àwọn méjì yòókù lọ. Bí mo bá ti tì í sábẹ́ okùn, ó ń fà á le, okùn tó bá sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ á gòkè. Mo fi pépà onísáńdì ha á títí tí ó fi kàn ń fara kan okùn lásán.

Ọjọ́ tí mo gbé pákó náà wọ kíláàsì, mi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi kọ̀ọ̀kan, mo pè wọ́n ní mẹ́fà mẹ́fà. Ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn ló kọ́kọ́ rí i: “Àǹtí, m àti f sún mọ́ra jù!” Òótọ́ ni. Láti r dé m jẹ́ 5.3, láti f dé s jẹ́ 5, ṣùgbọ́n láti m dé f, 3 péré. Láti l dé t jẹ́ 4, láti t dé d òkè, 2. Ibi méjèèjì yìí ni ààbọ̀ ìṣísẹ̀, ìṣísẹ̀ kékeré láàrin ohùn méjì, wà. Mo ya ojú kíbọ́ọ̀dù sórí káádíbọ́ọ̀dù, mo sì fi hàn wọ́n pé, bí a bá fi C ṣe d, ibi méjèèjì náà ni kò ti sí dúdú láàrin funfun méjì: E àti F, B àti C. Mo ti ń wo dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa láti kékeré, n kò bi ara mi rí ìdí tí àwọn dúdú yẹn fi tò ní méjì-mẹ́ta, méjì-mẹ́ta.

Ẹ̀yìn èyí ni a tó padà sórí ìlà márùn-ún. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa á sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbòòrò, kí ọmọ lè dúró lórí ìlà tàbí sínú àlàfo. Ẹnì kan ń ta pákó, àwọn yòókù ń fò sí ipò wọn. D wa dúró lórí ìlà kúkúrú kan tí mo fà sísàlẹ̀ márùn-ún náà.

Gígùn nóòtì kò gbà wá lákòókò. Semibreve jẹ́ ìkà mẹ́rin, minim méjì, crotchet kan, quaver ààbọ̀. A fi àtẹ́wọ́ pa á. Ibi tí ó ti fẹ́ dìjà ni ìgbà tí ọmọ onílù kan gbé agogo, tó ń lu kónkóló, ìlù agogo kan, sórí ìkà mẹ́rin-mẹ́rin mi. Kónkóló ń rìn lórí méjìlá, ìkà tèmi kò sì gbà á. Mo jẹ́ kí ó lù ú, mo kọ 12/8, àmì ìkà méjìlá, sójú pátákó, mo ní a ó padà wá bá a. A kò padà.

Fún ohun èlò orin, mo ní kí oníkálùkù mú ohun tó ń dún wá láti ilé. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dé, agogo dé, gángan kan, fèrè mẹ́ta, àti ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí n kò lè ka iye rẹ̀. Ìpín tí àwọn onímọ̀ orin méjì, Hornbostel àti Sachs, gbé jáde ní Jámánì ní ọdún 1914 ni mo fi tò wọ́n, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń béèrè: kí ló ń gbọ̀n? Bí ó bá jẹ́ ara ohun èlò náà fúnra rẹ̀, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ awọ, gángan. Okùn, gòjé àti pákó mi. Afẹ́fẹ́, fèrè àti kàkàkí. Ó wù mí ju ìpín ẹgbẹ́ orkẹ́sítírà lọ, èyí tó ń fi igi àti idẹ pe orúkọ ẹbí nígbà tí fèrè orkẹ́sítírà òde òní fúnra rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ irin.

Ìgò ló dójú tì mí. Mo ti sọ fún wọn pé bí omi bá ṣe pọ̀ nínú ìgò tó ni ohùn rẹ̀ á ṣe lọ sílẹ̀ tó, mo fi ṣíbí lù ú, ó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan gbé tirẹ̀ sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ, ó ní, “Àǹtí, tèmi ń gòkè ni o.” Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó tún fẹ́ ẹ. Ó ń gòkè lóòótọ́! Mo ní kí a jókòó. Ó tó ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí n tó rí i: nígbà tí a bá lù ú, ìgò àti omi ló ń gbọ̀n, omi sì ń wúwo mọ́ ọn lára, nígbà tí a bá fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gbọ̀n, omi sì ń gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgò kan náà, ẹbí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí mo bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn ni mo bẹ̀rù jù, mo sì gé e kúrú. N kò kọ orúkọ ogún akọrin sílẹ̀ fún wọn láti há sórí. Ibi tí dò-re-mí ti wá ni mo tẹ̀ lé. Ní ọ̀rúndún kọkànlá, mọ́ńkì kan ní Ítálì, Guido ará Arezzo, rí i pé ó ń pẹ́ jù kí àwọn akọrin tó mọ orin tuntun. Ó mú orin kan tí wọ́n ń kọ fún Jòhánù Onítẹ̀bọmi, èyí tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí ohùn tó ga ju ti ìṣáájú lọ, ó sì fi sílébù àkọ́kọ́ ìlà wọ̀nyẹn pe àwọn ohùn náà: ut, re, mi, fa, sol, la. Ìlà mẹ́rin ló ń kọ orin sí, kì í ṣe márùn-ún. Ut di do lẹ́yìn náà, wọ́n sì fi ohùn keje kún un. Ní Ìlú Ọba, Sarah Glover ti Norwich tún un tò fún àwọn ọmọdé, John Curwen sì gbé e káàkiri láti àwọn ọdún 1840 lọ. Àwọn míṣọ́nnárì ló kó o wá sí etí òkun wa, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ sínú bébà kúáyà mi. Àwọn ọmọ náà tún mọ Handel, olórin òyìnbó àtijọ́, láìmọ orúkọ rẹ̀, torí gbogbo wọn ló lè kọ Halelúyà inú Messiah, tí àwọn akọrin kọ́kọ́ kọ fún aráyé gbọ́ ní Dublin ní 1742. Mo sọ fún wọn pé Jámánì ni wọ́n ti bí òun àti Bach, olórin bíi tirẹ̀, ní ọdún kan náà, 1685, wọn kò sì pàdé rí. Ìyẹn dùn wọ́n gan-an.

Mo tún sọ fún wọn nípa T. K. E. Phillips, tó jẹ́ onídùùrù Kàtídírà Christ Church ní Èkó, tó sì jẹ́ olùkọ́ Fẹlá Ṣówándé, ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ orin sílẹ̀. Ohun tó ká a lára ni ohùn orin òyìnbó tí a fi Yorùbá sínú rẹ̀, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo fi pákó mi ta d, m, mo kọ “ọkọ̀” sí i. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín: “Ọkọ́ lẹ pè, Àǹtí!” Mo ní ó dáa, ẹ̀yin ẹ kọ èyí tó tọ́. “Òjò ń rọ̀” ni mo fún wọn. Wọ́n fún mi ní d, d, m, d. Òmíràn ní s, s, l, m. Méjèèjì ló tọ́, a sì kọ méjèèjì sórí ìlà márùn-ún.

Ọjọ́ tí alábòójútó wa dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀yìn kíláàsì ló jókòó sí pẹ̀lú gègé rẹ̀. “Dókítà” ni gbogbo ilé-ìwé ń pè é. Ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dìde láìjẹ́ pé mo pè é, ó kọ m, m, d sójú pátákó, lórí ìlà márùn-ún, ó ta á lórí okùn, ó wá yíjú sí bàbá náà: “Orúkọ yín nìyẹn, sà.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ máàkì méjì kúrò nínú tèmi nítorí ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìjọba jẹ́.