Ètò Tí Mo Ṣe fún Ọ́fíìsì Kan Lẹ́bàá Ògùnpa, Kí Omíyalé Tó Dé

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni. Odò Ògùnpa kò jìnnà sí i, odò tó kún àkúnya ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, tó sì gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, àgbàrá tún wó afárá káàkiri Ìbàdàn. Omíyalé ni mo fi ṣáájú, iná tẹ̀lé e, mo dúró síbẹ̀. Ìwé tó bá ka ogún ewu, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò máa gbé.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló máa ń ba nǹkan jẹ́ jù. Omi ń kún, oníkálukú ń pe ọ̀gá, nọ́ńbà ọ̀gá ò lọ. Mo fa ìlà pupa sára ògiri gọ́tà, 30 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀. Bí omi bá ti kan ìlà yẹn, ẹni yòówù tó bá wà níbẹ̀, ìbáà ṣe ọlọ́dẹ, yóò pa iná níbi mítà bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ṣì gbẹ, yóò kó gbogbo èèyàn lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò ní gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wakọ̀ gba títì tí omi ń ṣàn lórí rẹ̀: omi 60 sẹ̀ǹtímítà lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ.

Bátìrì ìnfátà kúrò nílẹ̀, ó dé orí irin. Àkọsílẹ̀ owó di ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú hard drive tí akápò ń gbé lọ sílé. Hard drive tó bá sùn sí ọ́fíìsì, omi kan náà ni yóò gbé òun àti kọ̀ǹpútà. Lóṣooṣù, kí ẹ ṣí fáìlì kan nínú ẹ̀dà wò. Ó lè ti bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ní ti iná, agolo apaná oníyẹ̀fun, kílò 9, ni mo fi sẹ́bàá ilẹ̀kùn àbájáde, kí ẹni tó ń pa iná lè ní ọ̀nà lẹ́yìn. Agolo apaná oní-CO2, tó ń fi gáàsì pa iná, wà nítòsí kọ̀ǹpútà, torí yẹ̀fun máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Nọ́ńbà pàjáwìrì, 112 àti 615, wà lórí bébà lẹ́nu ọ̀nà, torí fóònù lè kú. Ẹni méjì ló ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì.

Bí gbogbo èèyàn bá sá jáde, ìwé àmì-wíwá, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń kọ orúkọ bí wọ́n bá dé, ni a fi ń ka èèyàn níta, ṣùgbọ́n orúkọ agbálẹ̀ àti ti àlejò kì í sí níbẹ̀. Ìwé tiwọn wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ.