Bí a ṣe ń tọ́jú ẹyin Artemia tí ó ń sùn, àti bí a ṣe ń jí i

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń sin ẹja àrọ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) mọ̀ pé nǹkan bí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí ẹyin ẹja bá ti pa ni wàhálà oúnjẹ máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹnu àwọn ọmọ náà kéré gan-an. Edé wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀ tí à ń pè ní Artemia ni ọ̀pọ̀ wa ń fún wọn jẹ. Inú agolo ni a ti ń rà á, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń wá láti Adágún Iyọ̀ Ńlá ti Utah ní Amẹ́ríkà. A máa ń pè é ní ẹyin, ṣùgbọ́n ọlẹ̀ ni, ó ti ní nǹkan bí 4,000 sẹ́ẹ̀lì kí ó tó dá ìdàgbàsókè rẹ̀ dúró sínú èèpo líle.

Oríṣi oorun méjì ni ọlẹ̀ yìí ń sùn. Èkíní ti ara rẹ̀ wá: bí omi, iyọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tilẹ̀ pé, kò ní dìde títí gbígbẹ tàbí òtútù yóò fi já oorun náà, àwọn tí ń kó o sínú agolo sì sábà máa ń ti parí iṣẹ́ yẹn. Èkejì ni èyí tí a fi ipá mú un sùn, nítorí pé omi tàbí ọ́síjìn kò sí, ó sì máa ń jí nígbà tí ohun tí ó sọnù bá padà dé.

Oorun àìrí ọ́síjìn ni ó yà mí lẹ́nu jù. Bí ọ́síjìn kò bá dé ọpọlọ wa fún ìṣẹ́jú díẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ṣùgbọ́n James Clegg, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì California, fi ọlẹ̀ Artemia tí ó ti mu omi yó pamọ́ fún ọdún 4 láìsí ọ́síjìn, púpọ̀ nínú wọn sì tún pa nígbà tí wọ́n rí afẹ́fẹ́. Bí ọ́síjìn bá ti tán, inú sẹ́ẹ̀lì a kan bí ògì tí ó sùn mọ́jú: ìwọ̀n pH, tí ó máa ń dín kù bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i, a já wálẹ̀ láti nǹkan bí 7.9 sí 6.8, a sì tún máa lọ sílẹ̀ sí i, kíkan yìí sì wà lára ohun tí ń dá iṣẹ́ inú ọlẹ̀ dúró. Kò ní ṣe purotéènì tuntun mọ́, kò ní jó ṣúgà trehalose tí ó kó pamọ́, ooru ara rẹ̀ a sì dín kù débi pé ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè wọ̀n ọ́n. Purotéènì kan tí ó pọ̀ gan-an nínú rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ p26, a wá máa di àwọn purotéènì yòókù mú kí wọ́n má baà bàjẹ́, bí ẹni tí a fi ṣọ́ ẹrù nínú ilé tí a ti pa iná rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀rinrin ni kí ẹ bẹ̀rù jù nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú agolo. Ọlẹ̀ tí ó bá mu omi díẹ̀ níbi tí ọ́síjìn wà yóò jí ní àbọ̀, yóò sì máa jẹ oúnjẹ ara rẹ̀ láìlè pa. Ní àsìkò òjò kan, mo dé agolo mi láìfún un, nígbà tí ẹyin inú rẹ̀ kò sì pa, mo bú ẹni tí ó tà á fún mi kiri; èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ dà á sínú ìgò gbígbẹ, ẹ dé e pinpin, kí ẹ sì gbé e sínú fíríjì.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí oorun náà, ẹ se omi iyọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, ẹ jẹ́ kí ó tutù nínú ìkòkò tí a dé, kí ẹ sì rọra dà á kún ìgò kékeré tí ẹyin wà nínú rẹ̀, débi pé ìfóòfó kankan kò ní ṣẹ́kù lábẹ́ ọmọrí. Ẹ gbé e síbi òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ́síjìn díẹ̀ tí ó bá ṣẹ́kù, àwọn ẹyin náà ni yóò lò ó tán. Ẹ wá ṣàn wọ́n, kí ẹ jí wọn bí mo ṣe fẹ́ sọ yìí. Bí ìgò náà bá ń rùn, kòkòrò àìfojúrí ti wọ̀ ọ́, ẹ tún un ṣe.

Fún jíjí, gíráàmù 25 iyọ̀ sí lítà omi kan tó. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé omi ọ̀sà, nítorí pé nígbà tí odò Ouémé bá kún, iyọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ fi gíráàmù 2 ẹyin sí i, ẹ tan iná sí i, kí ẹ̀rọ sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Bí pH bá kéré sí 8, ẹ bu sódà ìyan-búrẹ́dì díẹ̀ sí i. Nínú ooru bí ìwọ̀n 28, wọn yóò pa láàárín wákàtí 24 sí 36. Ẹ wá pa ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 10: èèpo yóò léfòó, àwọn ọmọ tí ó ti pa yóò sì kó jọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ fà wọ́n, ẹ fi omi tútù tí kò níyọ̀ ṣàn wọ́n, kí ẹ sì fún ẹja lójú ẹsẹ̀, nítorí pé èyí tí ó bá ti jáde kúrò nínú èèpo ti pàdánù agbára oorun yẹn, bí iná mànàmáná bá sì lọ tí ẹ̀rọ dúró, kò ní pẹ́ kú.