Òǹtẹ̀ Tó Sọ Ìbẹ̀wò Ọ̀fẹ́ Di Olówó Gọbọi: Ìrírí Mi Nílé Tọkọtaya Gẹ̀ẹ́sì Kan

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n pe ìbẹ̀wò náà. Ìdílé Gẹ̀ẹ́sì kan yóò gbà mí lálejò fún òpin ọ̀sẹ̀ kan kí n lè fojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń gbé nínú ilé wọn, wọn yóò fún mi ní yàrá àti oúnjẹ, n kò sì ní san kọ́bọ̀. Owó ọkọ̀ nìkan ni yóò jẹ́ tèmi. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, èyí tí mo kà gààràgà bí ẹni tí oorun ń kùn, ni ó gba £78.20 lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tí mo fi wá òǹtẹ̀ káàkiri yunifásítì kan tí ó ní òun kò ní òǹtẹ̀.

Ètò náà fúnra rẹ̀ kò lẹ́bi. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ìlú Ọba ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè sílé báyìí. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, HOST, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1987, British Council sì wà lára àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kékeré mìíràn ni èmi gbà lọ. Mo kọ ohun tí wọ́n ní kí n kọ, mo sọ oúnjẹ tí n kì í jẹ, mo ní n kò bẹ̀rù ajá (irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀), wọ́n sì fà mí lé tọkọtaya àgbàlagbà kan lọ́wọ́, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń gbé ní abúlé kan nítòsí Ludlow ní Shropshire, lẹ́bàá ààlà ilẹ̀ Wales. A fi àdéhùn sí ọjọ́ Àbámẹ́ta 29 àti ọjọ́ Àìkú 30, oṣù Kẹta ọdún 2025. Gbogbo èyí kò gbà ju ọjọ́ mẹ́rin lọ.

Ìgbà tí mo wo owó ọkọ̀ ojú irin ni ojú mi là. Láti ìlú tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn yóò pààrọ̀ ọkọ̀ ní Stockport kí ó tó dé Ludlow, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ £62. Akẹgbẹ́ mi kan, ọmọ ọdún 22, ní kí n ra káàdì ẹ̀dínwó tí wọ́n ń pè ní 16-25 Railcard, tí ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni ọdún 33 ni mí. Ó ní òfin fàyè gba àgbà tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ju wákàtí 15 lọ lọ́sẹ̀ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 20 lọ́dún. Òótọ́ ni ó sọ. Ohun tí kò sọ, nítorí pé kò kàn án rí, ni pé ọmọdé lè fi ìwé ìrìnnà ra tirẹ̀ lórí fóònù kí tíì tó tutù, ṣùgbọ́n àgbà gbọ́dọ̀ gbé fọ́ọ̀mù lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí òṣìṣẹ́ kan fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì bu òǹtẹ̀ lù ú.

Òǹtẹ̀! Èmi tí mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ òǹtẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wọ bàálù.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kejì, mo mú fọ́ọ̀mù náà lọ sí ọ́fíìsì tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí mo bá níbẹ̀ fi sùúrù ṣàlàyé pé wọn kì í lo òǹtẹ̀ mọ́, pé orí kọ̀ǹpútà ni ohun gbogbo wà báyìí, ó sì tẹ lẹ́tà kan fún mi láti fi jẹ́rìí sí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí lóòótọ́. Lẹ́tà náà rẹwà, àmì yunifásítì wà lórí rẹ̀ ní àwọ̀ méjì, mo sì gbé e lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin tìgboyà-tìgboyà. Ọkùnrin tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yìn ín, lẹ́yìn náà ni ó fi ìka kan ojú àyè kékeré kan lórí fọ́ọ̀mù mi tí ó ṣófo. Ó ní, "Òǹtẹ̀ ni wọ́n ní kí ó wà níbí." Mo ní ilé ẹ̀kọ́ mi kò ní òǹtẹ̀. Ó ní òun kò tíì rí ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní òǹtẹ̀ rí.

Mo padà. Wọ́n ní kí n kọ ímeèlì, pé èsì yóò dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ karùn-ún, nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, èsì dé: kí n lọ bá olùkọ́ tí ó ń darí iṣẹ́ ìwádìí mi. Olùkọ́ mi ti lọ sí ìpàdé kan ní Jámánì. Nígbà tí ó dé, ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà lójú ẹsẹ̀, ó fọwọ́ sí ẹ̀yìn àwòrán mi pẹ̀lú, ó wá fi ojú àánú wò mí, ó béèrè bóyá ó dá mi lójú pé òǹtẹ̀ ni wọ́n ní kí n mú wá, nítorí pé òun kò tíì fojú kan ọ̀kan láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo tún gba ọ́fíìsì àkọ́kọ́ lọ. Ẹlòmíràn ni mo bá níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì tún tẹ lẹ́tà alámì àwọ̀ méjì yẹn fún mi. Mo ní mẹ́ta rẹ̀ nílé títí di òní.

Oṣù Kejì parí báyìí. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, owó ọkọ̀ ojú irin gòkè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún, káàdì ẹ̀dínwó tí ó ti jẹ́ £30 sì di £35 lọ́jọ́ kan náà. Tíkẹ́ẹ̀tì mi fò láti £62 sí £64.80. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo fẹ́ bá wí? Ọ́fíìsì ní ibùdókọ̀ ló le koko jù, ibùdókọ̀ ní ọ́fíìsì ló ya ọ̀lẹ, èmi tí mo sì wà láàárín àwọn méjèèjì ni mo ń san owó.

Akọ̀wé ẹ̀ka wa ni ó gbà mí sílẹ̀, màmá kan tí kò ní ju oṣù díẹ̀ lọ kí ó fẹ̀yìn tì. N kò tilẹ̀ lọ bá a nítorí òǹtẹ̀. Mo ń ráhùn fún ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni. Ó ní kí n wọlé, ó fa àpótí tábìlì rẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó kó okùn fóònù àtijọ́ àti abẹ́là ọjọ́ ìbí kúrò, ó sì gbé òǹtẹ̀ onígi kan jáde tí a kọ orúkọ ẹ̀ka wa sí lára, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n tó yí i padà. Tàdáwà rẹ̀ ti gbẹ. Ó kán omi sí i, ó dán an wò lórí ìwé ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bu òǹtẹ̀ lu fọ́ọ̀mù mi kọ̀ǹkọ̀, bíi adájọ́ tí ó dá ẹjọ́. Ní Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta, ọkùnrin ẹ̀yìn gíláàsì wo òǹtẹ̀ náà, kò ka orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ rárá, ó gba £35 mi, ó sì fún mi ní káàdì. Mo rìn jáde níbẹ̀ bí ẹni tí ó joyè.

Ayọ̀ náà kò ju ọjọ́ méjì lọ. Ìgbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀ ni mo rí i pé ẹ̀dínwó ìdá kan nínú mẹ́ta kò lè dá £35 padà fún ẹnikẹ́ni àfi tí owó ọkọ̀ rẹ̀ láàárín ọdún kan bá tó £105. Tíkẹ́ẹ̀tì mi wá sí £43.20; bí a bá fi owó káàdì kún un, ó di £78.20. Bí mo bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì náà nínú oṣù Kejì láìwá káàdì kankan, £62 ni ǹ bá san, ǹ bá sì sùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ ìbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí kí ó tó gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kankan lọ. Ẹ tún fi iṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo pa tì kún un: wákàtí mẹ́jọ, £11.44 fún wákàtí kan. Òfin kò sì gba akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi láyè ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, nítorí náà ọjọ́ kan tí ó bá lọ ti lọ pátápátá.

Ṣé ìbẹ̀wò náà tó bẹ́ẹ̀? Ó tó. Bàbá náà wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ Ludlow, ajá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó mí sí ọrùn mi títí a fi délé. Ìyà tí ó kọ́kọ́ jẹ mí nínú ilé náà ni ti orúkọ. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n, àwọn méjèèjì sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ahọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń dúró dìgbà tí wọ́n bá wojú mi kí n tó sọ̀rọ̀, kí n má baà pe ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, mo ṣàlàyé fún wọn, a sì fẹnu kò sí "mà" àti "sà". Bàbá fẹ́ràn tirẹ̀ gan-an. Ó ní kò sí ẹni tí ó pe òun bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí òun ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀.

Wọn kò ṣe mí bí àlejò tí ó wá wo ìran, èyí sì ni ohun tí mo dúpẹ́ fún jù. Mo bó ọ̀dùnkún òyìnbó, mo nu abọ́ bí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, mo bá wọn ya pépà sọ́tọ̀ kúrò lára ìgò nínú àwọn agolo ìdọ̀tí, mo sì fa ajá rìn nínú ẹrẹ̀ (àbí òun ni ó fà mí). Wọ́n ń tan iná tí ó ń mú ilé móoru fún wákàtí mélòó kan péré lójúmọ́ nítorí owó rẹ̀, lálẹ́ sì ni màmá gbé ìgò rọ́bà tí omi gbígbóná wà nínú rẹ̀ sí ibùsùn mi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe àwa akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni owó iná ń bà lẹ́rù.

Ní òru Àbámẹ́ta mọ́jú Àìkú, aago sún síwájú ní wákàtí kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, aago tiwọn àti ti Nàìjíríà di ọ̀kan náà. Ọjọ́ Ìyá ni pẹ̀lú, níbẹ̀ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé, nítorí náà mo pe màmá mi láti inú ilé ìdáná nígbà tí ẹran àgùntàn ṣì wà nínú ààrò. Màmá mi ní kí n fún ìyá tí ó ń tọ́jú mi ní fóònù. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún un, Yorùbá ni ó fi ń gbà á. Màmá Gẹ̀ẹ́sì náà di fóònù mú, ó ń mi orí, ó ń gbọ́ "àmín" mi láti ẹ̀gbẹ́, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe "àmín" ní ibi tí ó yẹ àti ibi tí kò yẹ, bàbá sì sáré lọ yọ ọ̀dùnkún kúrò lórí iná nítorí àdúrà náà kò tètè parí.

Ti àbọ̀, n kò ní sọ púpọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń tún ojú irin ṣe. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi rọ́pò ọkọ̀ ojú irin fún apá kan ọ̀nà wa, mo sì délé nígbà tí àwọn ará ilé mi ti sùn. Bí mo bá tún un ṣe, ọjọ́ Ẹtì ni n óò lọ, n óò sì padà ní Àbámẹ́ta. N kò tún ní ru igi òdòdó gbé láti ìlú mi dé ibẹ̀. Ọgbà wọn kún fún òdòdó.

Ní oṣù Keje, wọ́n pè mí padà. Mo tún san £43.20, ẹ̀dínwó ìgbà méjèèjì sì di £43.20 pẹ̀lú, tí í ṣe pé káàdì mi ti dá £35 tí mo fi rà á padà, ó sì fi £8.20 lé e. Mo fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ra páálí ṣokoléètì lọ fún akọ̀wé ẹ̀ka wa. Ó ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ó gba ipò rẹ̀ sọ fún mi pé wọ́n ti palẹ̀ tábìlì náà mọ́.