Mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀kọ́, mo fẹ́ kúrò ní yunifásítì tí mo wà: ìbéèrè àti ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin

Bí èsì ìdánwò bá ti jáde, àwọn ọmọ wa máa ń wá bá mi ní Kétu níbí. Àwọn mìíràn ti pinnu pé àwọn kò ní padà sí kíláàsì tí àwọn wà. Mo kó ìbéèrè tó ń wọ́pọ̀ jù jọ síhìn-ín. Ohun kan wà tó kan gbogbo wọn: má ṣe fi ibi tí o wà sílẹ̀ títí ibi tí ò ń lọ yóò fi kọ ọ́ sórí ìwé pé àwọn gbà ọ́, ọdún wo ni wọ́n gbà ọ́ sí, àti kírẹ́díìtì mélòó (àmì tí wọ́n ń kà fún iṣẹ́ tí o bá yege) ni wọ́n kà fún ọ. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ fún ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò tó nǹkan kan.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí. Lẹ́yìn BAC (ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama), ẹ̀kọ́ òfin ni mo bá ara mi ní Abomey-Calavi. Mo ti ṣe ọdún kan, ọkàn mi kò sí níbẹ̀ rárá. Géógráfì ni mo fẹ́. Ṣé ọdún náà ti ṣòfò nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò ṣòfò tán, àbúrò mi, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò bá ọ lọ.

Ètò LMD (Licence tó jẹ́ dìgírì àkọ́kọ́, Master, Doctorat) ni àwọn yunifásítì wa ń lò, UEMOA, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń ná sẹ́fà, sì ti pa á láṣẹ fún gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ láti ọdún 2007. Sẹ̀mẹ́sítà kan jẹ́ kírẹ́díìtì 30, ọdún kan jẹ́ 60, Licence jẹ́ 180. Kírẹ́díìtì tí o bá ti gbà ti di tìrẹ. Ẹ̀ka tuntun ló máa wò ó, kó sọ èyí tó wúlò fún ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Nítorí náà, tẹ́ relevé de notes rẹ (ìwé máàkì rẹ) sórí tábìlì. Fi moyenne (máàkì àárín) tó wà nísàlẹ̀ sílẹ̀ ná. Wo ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè: kóòdù UE (iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń kọ́ ọ), orúkọ UE, iye kírẹ́díìtì, máàkì, àti ibi tí wọ́n kọ «validé» (o yege) sí. Fi bírò fa ìlà sábẹ́ àwọn tí ẹ̀ka méjèèjì jọ ń kọ́: èdè Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ǹpútà, ọ̀nà ìkọ̀wé àti ìwádìí. Irú àwọn wọ̀nyẹn ló sábà máa ń bá ènìyàn kọjá. Bí o tilẹ̀ gba 16 nínú 20 ní droit constitutionnel (ẹ̀kọ́ òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè), kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́ ní géógráfì. Ọdún kìíní ni o ṣeé ṣe kí o padà sí, ṣùgbọ́n wọn kò ní sọ pé kí o tún àwọn UE tó bára mu yẹn ṣe.

UE mìíràn wà tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ ní ibi méjèèjì, tí ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú rẹ̀ sì jọra. Ìyẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pàdánù lásán. Kí o tó kúrò, lọ gba ètò ẹ̀kọ́ UE náà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹ̀ka rẹ, èyí tó sọ wákàtí àti àkòrí inú rẹ̀, kí o so ó mọ́ relevé. Tí olórí ẹ̀ka tuntun kò bá rí i, kí ni yóò fi ṣe àfiwé?

Ọdún kìíní ni ìyípadà ti dára jù, má fòyà. Ẹni tó bá wà ní ọdún kẹta tí UE díẹ̀ ló kù fún un, èmi máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó parí Licence náà, kó wá fi Master yà sí ibi tí ọkàn rẹ̀ fẹ́.

Ìbéèrè: Université Nationale d'Agriculture ní Kétu ni mo wà, mo sì ní bourse (owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ìjọba). Mo fẹ́ lọ máa kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan náà ní Parakú, torí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ibẹ̀, n kò ní san owó ilé.

Ìdáhùn: Ní ti kírẹ́díìtì, ọ̀nà tìrẹ gún ju ti ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ lọ, torí ẹ̀kọ́ kan náà ni, Parakú sì ní ẹ̀ka agronomie tirẹ̀. Ṣáà wò ó bóyá o ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí option kan tí wọn kò ní níbẹ̀.

Bourse ló yẹ kó gba oorun lójú rẹ. Ibi tí wọ́n pín ọ sí àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n pín ọ sí ni wọ́n fi fún ọ. Má ṣe rò pé yóò kàn tẹ̀ lé ọ lọ. Kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó bourse kí o tó ṣe ohunkóhun, kí o sì dúró de èsì. Lẹ́yìn náà, fi owó ilé tí o máa dín kù sí ẹ̀gbẹ́ kan, fi bourse tí o lè pàdánù sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí o ṣírò rẹ̀ fún oṣù tó kù títí Licence. Bí èyí tó máa lọ bá ju èyí tó máa dín kù, dúró sí Kétu.

Bí o bá máa kọ̀wé, kọ ọ́ sí Recteur (olórí) Yunifásítì Parakú, kí o jẹ́ kó gba ọwọ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ rẹ kọjá. Ẹ̀dà méjì ni kí o tẹ̀. Sekiretéríà yóò gba ọ̀kan, ìwọ yóò sì ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sórí èkejì: décharge rẹ nìyẹn. Ojú mi ti rí lẹ́tà tó sọnù nínú dúrọ́ọ̀, tí ọmọ kò sì ní ẹ̀rí kankan pé òun mú un wá. Má ṣe tijú láti béèrè òǹtẹ̀ náà.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọmọ ni mí, Ìbàdàn ni a ti wá. Yunifásítì aládàáni tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ní Àjàṣẹ́ ni ọmọ mi wà, ọdún kejì ló ń ṣe. Mo gbọ́ ohun tí ìjọba Nàìjíríà sọ, àyà mi já. Mo fẹ́ kó padà wálé, àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn kò ní fún un ní relevé torí owó tó kù.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Lóòótọ́ ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Nàìjíríà dá àyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba dìgírì ní Kútọnú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó dùn mí púpọ̀, torí ó kó bá àwọn ọmọ tó jókòó kàwé tọkàntọkàn.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè nǹkan méjì kí ẹ tó san owó mìíràn. Àkọ́kọ́, ẹ ní kí ilé ẹ̀kọ́ náà fi arrêté tí ìjọba Benin fi fún wọn láṣẹ hàn yín, kí ẹ sì wò ó bóyá orúkọ ẹ̀kọ́ tí ọmọ yín ń kọ́ wà nínú rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ lè ní àṣẹ fún ẹ̀kọ́ kan kó má ní fún òmíràn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Èkejì, ẹ béèrè ní ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Abuja bóyá wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ yẹn wọlé ní báyìí. Bí ìdáhùn méjèèjì bá dára, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbẹ̀rù lé ọmọ kúrò.

Ní ti gbèsè, ẹ lọ fúnra yín, ẹ kó gbogbo rìsíìtì dání, kí wọ́n kọ iye tó kù sílẹ̀ fún yín ní sẹ́fà. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ máa san díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí relevé yóò jáde sínú ìwé àdéhùn náà. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ àgbàlagbà ju bí wọ́n á ṣe gbà á lọ́wọ́ ọmọ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé òun á bá yín wá relevé láìsan gbèsè, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kíá. Ní Nàìjíríà, ilé ẹ̀kọ́ ló ń fi transcript ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́. Ayédèrú yóò tú, orúkọ ọmọ yín ni yóò sì bàjẹ́.

Ẹ tún wo WAEC tàbí NECO rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wá sí Àjàṣẹ́ torí pé kírẹ́díìtì márùn-ún wọn (máàkì tó dára nínú iṣẹ́ márùn-ún, kì í ṣe kírẹ́díìtì LMD) kò pé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kó tún ìdánwò yẹn ṣe ṣáájú, torí yunifásítì ilé á béèrè rẹ̀, ètò náà sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ JAMB kọjá. Ipele 200 ni wọ́n sábà máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ibòmíràn wá sí. Ọdún mẹ́ta ni Licence wa, ọdún mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ dìgírì Nàìjíríà, kírẹ́díìtì wọn kò sì dọ́gba. Kí ẹ sọ fún un láti ìsinsìnyí pé ó ṣeé ṣe kó tún ọdún kejì ṣe.

Nǹkan kékeré kan tún wà tó ń dá ìwé àwọn ọmọ dúró: orúkọ. Ní Benin wọ́n lè kọ ọ́ sí Adéchina, nígbà tí WAEC rẹ̀ sọ pé Adeshina. Ẹ fi gbogbo ìwé rẹ̀ síra wọn, ẹ ka orúkọ náà lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ó bá yàtọ̀, kí ilé ẹ̀kọ́ Àjàṣẹ́ tún un kọ kí ó tó jáde. Tí ó bá ti kọjá bodè, iṣẹ́ náà di ìlọ́po.

Ìbéèrè: BAC A2, tí kì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì, ni mo ní. Ṣé mo lè kọ̀wé láti yí sí agronomie?

Ìdáhùn: Lẹ́tà kò lè ṣe é. BAC tó ní sáyẹ́ǹsì, bíi D tàbí C, ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀. O lè tún BAC ṣe ní série D gẹ́gẹ́ bíi candidat libre (ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀), ṣùgbọ́n ìṣirò, físíìsì àti SVT (ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí àti ilẹ̀) yóò gba ọ̀pọ̀ oṣù lọ́wọ́ rẹ. Wá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan láti bá ọ sọ òtítọ́ nípa ibi tí o dé kí o tó san owó ìforúkọsílẹ̀.

Ìbéèrè: Èmi ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tó fẹ́ géógráfì ni mo tún dé. Bàbá mi ni mò ń bẹ̀rù. Wọ́n ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ wọn ń kọ́ òfin.

Ìdáhùn: Má ṣe lọ bá wọn pẹ̀lú ẹkún, má sì ṣe sọ ọ́ lórí fóònù. Kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ, kí ìyá rẹ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n máa ń gbọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá jókòó, kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kí o wá gbé ìwé sílẹ̀: relevé rẹ pẹ̀lú àwọn UE tí o fa ìlà sí, ìwé tí ẹ̀ka tuntun fi gbà ọ́, àti iye owó ọdún kan sí i. Bàbá tó bá rí i pé ọmọ òun ti ṣírò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè. Dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé ti iṣẹ́ tí géógráfì yóò fún ọ. Bí wọ́n bá ní kí o fún àwọn láyè láti ronú, fún wọn, ṣùgbọ́n sọ ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí fún wọn kí o tó dìde.